Àṣẹ Tí Wọn Ò Kà fún Ẹni Tó Kàn

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? A dúpẹ́, ara wa le, bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Inú wa dùn nígbà tí o pè lálẹ́ ọjọ́ Àìkú pé wọ́n ti gbé ọ kúrò nídìí ìwé owó oṣù, pé ibi tí àṣẹ àti sákúlà ìjọba ń gbà wọlé kí wọ́n tó jáde sí ìgboro lo wà báyìí. Gbólóhùn kan tí o sọ ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ náà ò le, kí n ṣáà ti lu òǹtẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ ni." Àbẹ̀kẹ́, ó le o. Ọdún 29 ni mo fi tọ́jú fáìlì àtijọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí ohun tí òǹtẹ̀ fi ojú ọmọ ènìyàn rí ní ilẹ̀ yìí. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí mo fẹ́ kí o lè máa padà kà á.

Wo bí àṣẹ ṣe ń rìn nígbà tí Òyìnbó ń jọba lé wa lórí. Lẹ́yìn tí Lugard, Gómìnà Òyìnbó, so Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ mọ́ Àríwá ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1914, Gómìnà á fọwọ́ sí òfin, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú Gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó parí, òfin ti di òfin nìyẹn. Àgbẹ̀ tó wà lóko rẹ̀ ní Òkèehò kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìwé náà á kúrò ní Èkó, á dé ọ̀dọ̀ Rẹ́sídẹ́ǹtì, Òyìnbó tó ń ṣàkóso ẹkùn, Rẹ́sídẹ́ǹtì á sọ fún àjẹ́lẹ̀, Òyìnbó tó wà lábẹ́ rẹ̀, àjẹ́lẹ̀ á sọ fún ògbufọ̀, ògbufọ̀ á sọ fún ọba, ọba á ránṣẹ́ sí baálẹ̀, baálẹ̀ á ní kí akéde mú agogo. Ka iye ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti gbà kọjá. Ohun tó kún ojú ewé mẹ́ta nínú Gásẹ́ẹ̀tì, tòun ti "àyàfi" àti "bí ó bá ṣe pé" inú rẹ̀, á wá ku gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu akéde: "Ìjọba ní kí ẹ sanwó o!" Àwọn "àyàfi" yẹn ló máa ń já bọ́ sọ́nà. Inú wọn gan-an sì ni ẹ̀tọ́ aráàlú máa ń wà.

Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka àwọn ìwé wọ̀nyẹn, ohun kan máa ń dùn mí. Òyìnbó tó kọ̀wé pé kí wọ́n lé odindi ènìyàn kúrò nílùú baba rẹ̀ á fi ìparí ìwé náà pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ tó ń gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe máa ń parí lẹ́tà ìjọba nígbà náà nìyẹn. Mo máa ń ronú lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ẹni tó kọ ọ́ ń gbọ́ràn sí ẹni tó wà lókè rẹ̀, ẹni yẹn náà ń gbọ́ràn sí ẹlòmíràn, títí ó fi kan Lọ́ńdọ̀nù. Nínú gbogbo ìgbọràn yẹn, ta ló bojú wo ìsàlẹ̀ láti béèrè bóyá ó yé ẹni tí wọ́n fẹ́ mú?

Tí ẹjọ́ bá sì dé, kò sí ẹni tí yóò bá àgbẹ̀ ka ìwé náà. Òfin tó dá kóòtù ẹkùn sílẹ̀ ní 1914 ti lọ́yà mọ́ ìta. Ọdún 1933 ni wọ́n tó pa irú kóòtù bẹ́ẹ̀ rẹ́. Fún nǹkan bí ogún ọdún, àjẹ́lẹ̀ kan náà tó pàṣẹ lè jókòó ṣe adájọ́ lórí àṣẹ ara rẹ̀.

Má ṣe rò pé mo ń sọ pé gbogbo òfin wọn ló burú. Wo ti àwọn wolé-wolé. Tí wọ́n bá yọjú sínú ìkòkò omi tí wọ́n rí tanwíji níbẹ̀, owó ìtanràn dé. Tanwíji ló ń di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n da omi rẹ̀ nù, tí wọ́n tún gba ṣílè lọ́wọ́ rẹ̀, mélòó nínú wọn ni ẹnikẹ́ni jókòó tì tó sì ṣàlàyé ẹ̀fọn fún? Ohun tó yé e ni pé àjèjì wọ yàrá òun, ó sì gba owó òun lọ. Òfin tó dára ló di ìyà lójú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ irú èyí bá kó jọ, ó máa ń bú gbàmù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, Òkèehò àti Ìṣẹ́yìn dìde. Iṣẹ́ ọ̀nà tipátipá wà níbẹ̀, kóòtù tuntun tí wọ́n fi àwọn tí ipò kò tọ́ sí jókòó sí wà níbẹ̀, àṣẹ tó ń ti ibòmíràn wá wà níbẹ̀. Ní 1918 ó kan àwọn Ẹ̀gbá. O mọ̀ pé Abẹ́òkúta ní ìjọba tirẹ̀ títí di 1914, nígbà tí sójà ìjọba Òyìnbó yìnbọn pa àwọn ènìyàn ní Ìjẹ̀mọ̀, tí Òyìnbó sì gba ìjọba náà. Kò pé ọdún mẹ́rin sí ìgbà náà tí owó orí fi dé, lórí iṣẹ́ àfipáṣe tí wọn kò sanwó rẹ̀ àti owó ìtanràn tí kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n pa Ọ̀ṣílẹ̀, ọba Òkè-Ọnà, ìjọba sì kó sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé lọ bá wọn jà. Ogun Adùbí nìyẹn. Ìyá ìyá mi máa ń dárúkọ ogun náà ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí òkú. Nígbà tí mo wá dé ìdí fáìlì, tí mo rí bí ìwé tó ṣáájú ogun náà ṣe tutù tó, bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye tí wọn yóò pa wọlé, mo sunkún lórí tábìlì ọ́fíìsì. Kò sí ẹni tó béèrè nínú ìwé wọ̀nyẹn pé, "Ṣé wọ́n ti gbọ́? Kí ni wọ́n ní?"

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ju gbogbo èyí lọ: ẹjọ́ Ọba Èṣùgbàyí, Eléko, ọba Èkó. Ní 1920, Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó tó ń bá ìjọba Òyìnbó fà á, tẹ̀lé Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Eléko dání. (Ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn, Olúwa ló jàre ní 1921, ìjọba sì san £22,500. Wọ́n ti kọ́kọ́ ní ìwọ̀nba ẹ̀tọ́ olóyè nìkan làwọn máa sanwó fún, bí ẹni pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹbí.) Ohun tí Macaulay sọ níbẹ̀ bí ìjọba Èkó nínú. Wọ́n ní kí ọba rán akéde sí ìgboro láti sọ pé òun kò lọ́wọ́ sí i. Ọba kọ̀. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti kà á kún ọba mọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1925, wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Òfin ọdún 1917 kan ni wọ́n gùn lé. Mo fẹ́ kí o wo òfin náà bí mo ṣe wò ó, nítorí níbí gan-an ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rẹ wà. Òfin náà kò sọ pé kí Gómìnà máa lé ẹni tó bá wù ú. Ó ní bí ẹnì kan bá jẹ́ olóyè, bí wọ́n bá ti yọ ọ́ lóyè lóòótọ́, bí àṣà ìlú bá sì ní kí ẹni tí a yọ kúrò nílùú, ìgbà náà ni Gómìnà lè pàṣẹ pé kó lọ. "Bí" mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìjọba fo gbogbo wọn, wọ́n dì mọ́ "kó lọ." Kóòtù tó wà nílé níhìn-ín ní kì í ṣe iṣẹ́ àwọn láti yẹ Gómìnà lọ́wọ́ wò. Àwọn ènìyàn ọba kò sinmi, wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ní 1931, Lord Atkin, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, sọ ọ́ síta pé òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan òmìnira ènìyàn tàbí ohun ìní rẹ̀, àfi bó bá lè fi hàn níwájú kóòtù pé òfin wà lẹ́yìn òun, àti pé adájọ́ gbọ́dọ̀ yẹ àwọn "bí" wọ̀nyẹn wò. Ọdún yẹn náà ni ọba padà sí Èkó. Ó wàjà ní 1932. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ ìlú rẹ̀, nígbà tó sì padà, ọjọ́ ayé rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Àbẹ̀kẹ́, akọ̀wé kan ló tẹ àṣẹ yẹn. Akọ̀wé kan ló lu òǹtẹ̀ sí i.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Kí n tó dé ìdí fáìlì àtijọ́, mo ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan. Wọ́n gbé ìkéde wá fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́: wọ́n fẹ́ kó ìsọ̀ kan kúrò lójú títì. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá wá forúkọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 yóò gba ààyè ní ọjà tuntun. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, mo sì mọ̀ pé àwọn ìyá tó ń tajà níbẹ̀ kò lè kà á. Mo ń gba ibẹ̀ kọjá láràárọ̀. Mi ò sọ nǹkan kan, mo rò pé kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kátákátá dé. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́, tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, dúró síbi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó bi mí pé, "Ṣé ìwọ lo tẹ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Kí ló dé tó ò kà á fún wa?"

Nítorí náà, tí àṣẹ bá dé orí tábìlì rẹ, má kọ́kọ́ wá òǹtẹ̀. Wo òfin tó dárúkọ, lọ gbé òfin náà, kí o ka abala tó sọ pé òun gùn lé. Tí kò bá dárúkọ òfin kankan, béèrè. Wá gbogbo "àyàfi" àti "bí" inú rẹ̀, fa ìlà sí wọn nídìí. Wo ọjọ́ tó fún àwọn ènìyàn, kí o ṣírò bóyá ìwé náà lè dé ọwọ́ wọn kí ọjọ́ náà tó pé. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ ní Yorùbá tí ìyálọ́jà lè gbọ́, kí o sì pè wọ́n kí o kà á fún wọn, kó máà jẹ́ pé ara ògiri nìkan ló wà.

Tí o bá rí i pé àṣẹ kan kò ní ẹsẹ̀ tó fi dúró, má bá ọ̀gá rẹ jiyàn níwájú ènìyàn, má sì fi ẹnu lásán kọ̀. Kọ ọ́ sínú fáìlì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, fọwọ́ sí i, kọ déètì. Mo sọ èyí fún ọ torí mo ti rí i nínú ìwé àtijọ́: ẹni tó fẹnu sọ̀rọ̀ ti rá, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ la ṣì ń rí títí dòní. Ó lè bí wọn nínú. Wọ́n lè gbé ọ padà sídìí owó oṣù. Ilé wa ò tíì wó, ọmọ mi.

Tí o bá ń bọ̀ ní òpin oṣù, mú sákúlà àwọn ọlọ́kadà tí o sọ lórí fóònù yẹn dání. Èmi pẹ̀lú rẹ á jókòó sídìí tábìlì bàbá rẹ, á kọ ti Yorùbá rẹ̀. Mo ti ra gègé pupa tí a máa fi fa ìlà.

Èmi ni ìyá rẹ.