Lẹ́tà sí àbúrò mi tí mo pa lẹ́nu mọ́

Àbúrò mi,

Lálẹ́ ọjọ́ tá a sin Bàbá, a ṣì ń kó àga tá a háyà jọ nígbà tó o bi mí pé, "Ọlọ́run tí wọ́n ní ó mú Bàbá lọ yìí, kí ni gan-an?" Mo ní kó o panu mọ́, pé onígbàgbọ́ kì í bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. O gbé àga ọwọ́ rẹ lé orí èkejì, o wọlé lọ. Látìgbà náà, o ò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ìwé Maimonides ni mò ń kà báyìí, Júù tí wọ́n bí ní Córdoba, tó wá di dókítà ní Íjíbítì. Ní nǹkan bí 1190 ló parí ìwé náà fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tí Ìwé Mímọ́ ń fà sọ́tùn-ún, tí ọgbọ́n àwọn Gíríìkì ń fà sósì. Kò ní kó panu mọ́. Odindi ìwé ló fi dá a lóhùn.

Ó ní a ò lè sọ ohun tí Ọlọ́run jẹ́, àfi ohun tí kò jẹ́. Tá a bá pè é ní alààyè, ohun tá à ń sọ ni pé kò kú. (Àwọn tó ń kì í ní Ọba Àìkú, Ọba Àìrí nílé wa náà fura.) Ọkọ̀ ojú omi ló fi ṣàpẹẹrẹ. Ẹnì kan gbọ́ pé ọkọ̀ wà, kò rí i rí. Wọ́n ní kì í ṣe ẹranko, kì í ṣe igi tó ń hù, kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀kùn, kò rí róbótó. Bí wọ́n ṣe ń yọ ohun tí kò jẹ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ lẹni náà ń sún mọ́ mímọ ọkọ̀.

Kò dárúkọ David níbẹ̀, àmọ́ èmi ò lè kà á kí n má rántí rẹ̀. Àbúrò Maimonides ni, oníṣòwò tó bá omi lọ lórí Òkun Íńdíà. Ikú rẹ̀ mú kí Maimonides dùbúlẹ̀ àìsàn fún nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ó ṣì ń kọ̀wé sí ẹnì kan ní ìlú Acre pé tóun bá rí ìkọ̀wé ọwọ́ David, ńṣe lọkàn òun máa ń dàrú.

Ìwé ìṣirò owó Bàbá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò tíì lè ṣí i.

Ẹ̀rù ló bà mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Látìgbà tá a ti lọ gba òkú Bàbá ní mọ́ṣúárì ni ìbéèrè rẹ ti wà lọ́kàn tèmi náà, mo wá ń pe ẹ̀rù ní ìgbàgbọ́. Má bínú.

Wá lọ́jọ́ Sátidé. Ká jọ ṣí ìwé Bàbá. Kó o tún bi mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.