Ológbò Ọjà: Owó Iṣẹ́ Abẹ Ló Yẹ Ká Wá, Kì í Ṣe Owó Májèlé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú làálàá. Lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn yín láìpẹ́ yìí, níbi tí òǹkàwé kan ti rọ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n fi májèlé pa gbogbo ológbò tó ń rìn kiri nínú àwọn ọjà Ìbàdàn. Ó ní wọ́n ń jí ẹja gbé, wọn kì í jẹ́ kí àwọn tó ń sun ọjà rí oorun sùn, wọ́n sì ń yàgbẹ́ sórí àpò oúnjẹ. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni èmi ń tà nínú ọ̀kan lára àwọn ọjà náà, ẹ̀yìn ìsọ̀ mi sì ni díẹ̀ lára àwọn ológbò yìí ń sùn. Ẹni náà kò purọ́ nípa ariwo àti ìgbẹ́. Ìmọ̀ràn tó mú wá ni mi ò fara mọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi tẹ èsì mi jáde.

Ọ̀tápíápíá tí wọ́n ń wọ́n sára ẹja kí ológbò lè jẹ ẹ́, inú ọjà tí à ń ta gàrí àti ìrẹsì ni wọ́n ń wọ́n ọn sí. Àwọn ọmọ wa ń rákòrò lábẹ́ ìsọ̀ níbẹ̀. Adìyẹ ń ṣa ilẹ̀ jẹ níbẹ̀. Àjọ NAFDAC kò ṣàdédé sọ ní 2019 pé kí wọ́n má ta dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe ọ̀tápíápíá, nínú ìgò kékeré mọ́. Ẹ̀mí ènìyàn ló ń bá a lọ. Ológbò tó bá sì jẹ eku tó ti jẹ májèlé, òun náà lè kú, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹnì kan ń sìn nínú ilé rẹ̀.

Bí a bá wá pa wọ́n tán, kí ló kù? Eku ni. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó ń ta oúnjẹ. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno, eku ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ tàbí abọ́ ló ń kó o ran ènìyàn. Kò jìnnà sí wa: Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù lọ, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì mọ ohun tí ojú wọn ti rí. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ka ohun tí ará ilé lè ṣe kí eku má baà rí àyè, wọ́n ní ká kó oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, ká da ìdọ̀tí sí ibi tó jìnnà sílé, ká máa gbálẹ̀, wọ́n sì ka níní ológbò mọ́ ọn. Mi ò sọ pé ológbò nìkan tó o. Ẹ̀wà tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín òru tí ológbò wà lẹ́yìn ìsọ̀ àti òru tí kò sí.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń pariwo májèlé kò rò. Oúnjẹ àti eku ló ń fa ológbò wọ ọjà. Bí ẹ bá pa àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí, tí ẹja àti eku ṣì wà, àwọn ti àdúgbò kejì á wọlé wá gba ipò wọn, wọ́n á sì máa bí sí i. Ẹ̀yin á tún ra májèlé.

Àwọn aláàánú tó ń fún wọn lóńjẹ ni mo wá fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù, nítorí mo wà lára wọn, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ wa kò lówó lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ mi ni pé ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kó fi owó àkọ́kọ́ tó bá rí ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo ológbò kan, kí ẹran náà má baà bímọ mọ́, kó tó ronú kan ẹja. Kí á máa bọ́ wọn láìdá ìbísí wọn dúró, ṣe ni ó dà bí ẹni ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi. Abo ológbò kì í pẹ́ dàgbà. Láti bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ti lè gboyún. Oyún náà kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 65 lọ. Ó lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì tún ti lóyún òmíràn kí àwọn ọmọ náà tó já lẹ́nu ọmú. Níbi tí ìgbà òtútù wà, tí ọ̀sán máa ń kúrú gan-an, ara wọn máa ń sinmi fún oṣù díẹ̀ nínú ọdún. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrú, nítorí náà kò sí oṣù tí wọn kì í gùn. Ẹni tó ń ra ẹja fún mẹ́ta lónìí, kí ọdún tó yí po, ó lè máa rà á fún mẹ́wàá, àánú á sì di gbèsè sí i lọ́rùn.

Dókítà ẹranko ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Fún akọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Fún abo, wọ́n á la ikùn, wọ́n á yọ ilé ẹyin àti ilé ọmọ. Nítorí ikùn lílà yìí ni ti abo ṣe máa ń wọ́n ju ti akọ lọ. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan lapá yín ká, abo ni kí ẹ mú. Akọ kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́kù lè fún gbogbo abo ọjà lóyún, ṣùgbọ́n abo tí wọ́n ti ṣe kò ní bímọ mọ́ láéláé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìjà á dín kù. Igbe òru tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ń ráhùn sí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, abo tó ń wá akọ àti akọ tó ń bá akọ jà ló ń ké e. Òórùn ìtọ̀ tí akọ máa ń tọ̀ sára ògiri náà á rọlẹ̀.

Mímú wọn ló le. Èyí tó bá gbà kí ènìyàn fọwọ́ kàn án, agọ̀ adìyẹ àti aṣọ tó nípọn ti tó o. Èyí tó ti di ti ìgbẹ́, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sún mọ́ ọn, ẹ má fọwọ́ lásán mú un rárá. Àwa ní kí wẹ́dà kan fi irin àti nẹ́ẹ̀tì ṣe àpótí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń já wálẹ̀ bí ẹran bá ti tẹ pẹpẹ tó wà nínú rẹ̀, àpótí kan náà là ń yá ara wa lò. Ẹ máa fún wọn lóńjẹ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ mú wọn, ẹ má gbé oúnjẹ sílẹ̀, nítorí kò yẹ kí àgbà ológbò jẹun yó kí wọ́n tó kùn ún lóorun. Láàárọ̀, ẹ fi orí ẹja yíyan sínú àpótí náà. Bó bá ti wọlé, ẹ yára da aṣọ bò ó. Òkùnkùn máa ń mú kí ara rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ ikùn abo náà dáadáa kí ẹ tó dẹ àpótí sílẹ̀ fún un. Bí ọmú rẹ̀ bá wú, ó ní ọmọ níbì kan, àwọn ọmọ náà á sì kú bí ìyá wọn kò bá padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tó ẹni tó ń jẹun fúnra wọn ná. Ìgbà tí ọmọ ológbò ṣì kéré, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí méje, náà ló rọrùn jù láti mú un mọ́ ènìyàn lára, kí a lè rí ilé fún un lọ́dọ̀ àwọn tí eku ń dà láàmú.

Bó bá ti sùn lórí tábìlì dókítà, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan díẹ̀. Etí òsì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ó jẹ́ àmì tí wọ́n mọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá rí i lókèèrè á mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é, a ò sì ní náwó mú ẹran kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lẹ́ẹ̀kan náà. Kó sun ibi tó gbẹ, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, di ọjọ́ kejì, nítorí oògùn náà máa ń mú kí ara rẹ̀ tutù. Lẹ́yìn náà, ibi tí ẹ ti mú un gan-an ni kí ẹ dá a padà sí. Ẹni tó gbé e lọ sọnù sí ọjà mìíràn kò ṣe é lóore.

Ẹni tí ológbò bá bù jẹ tàbí tó ha lọ́wọ́, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kó má dúró wo bóyá á san. Dìgbòlugi kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Oúnjẹ ni owó rẹ̀ kéré jù bí a bá mọ̀ ọ́n ṣe. Orí ẹja àti ìrù ẹja tí àwọn ẹlẹ́ja ń dà nù, ọkàn adìyẹ àti ìwé rẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́ láìfi iyọ̀ tàbí ata sí i. Àlùbọ́sà àti ááyù kò gbọdọ̀ kàn án, wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Omi tí ẹ fi bọ ẹja náà, ẹ má dà á nù. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ taurine, inú ẹran àti ẹja ni ológbò ti ń rí i, ó sì máa ń yọ́ sínú omi náà. Bí kò bá rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àmàlà tàbí ìrẹsì lásán kò lè gbé e. Ẹ lè fi ìrẹsì díẹ̀ po ẹja náà kó lè kárí, ṣùgbọ́n kí ẹja pọ̀ jù. Ẹ yọ eegun adìyẹ sísè kúrò. Omi mímọ́ dára fún àgbà ológbò ju mílíìkì lọ, nítorí mílíìkì máa ń mú kí ọ̀pọ̀ wọn yàgbẹ́ gbuuru. Mo bẹ yín, ẹ má fún ológbò tí ara rẹ̀ kò yá ní paracetamol. Ẹyọ kan lè pa á.

Bí wọ́n bá ti jẹun tán, ẹ gbé abọ́ kúrò, kí eku àti eṣinṣin má wá jẹ àjẹkù, kí àwọn aládùúgbò ìsọ̀ má sì rí ohun sọ. Ẹ gbé àpótí iyanrìn sí kọ̀rọ̀, wọ́n á máa yàgbẹ́ sí i. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa kó o, kí ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́, kí aláboyún má sì fọwọ́ kàn án. Kòkòrò kan lè wà nínú ìgbẹ́ náà tó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọjọ́ kan sí márùn-ún kó tó lè ran ènìyàn, nítorí náà ìgbẹ́ tí a tètè kó kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeni ní nǹkan.

Àwọn kan ní àjẹ́ ni ológbò, pàápàá dúdú. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tó bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Mùsùlùmí ni èmi, ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ nípa obìnrin kan tó wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé, tí kò fún un lóńjẹ, tí kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Mo bẹ̀rù ìyẹn ju òkùnkùn lọ.

Àwa mélòó kan tí ìsọ̀ wa sún mọ́ra ti ń dá àjọ fún iṣẹ́ abẹ yìí. Owó táṣẹ́rẹ́ ni lọ́sẹ̀, iye tí ẹni kan lè fi ra omi inú ọ̀rá. Bó bá ti pé fún ẹyọ kan, a gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa ṣe é lọ, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ lè mú kó yá. Mo ń bẹ Ìyálọ́jà àti Babalọ́jà wa pé kí wọ́n fòfin de májèlé nínú ọjà oúnjẹ, kí wọ́n sì mú díẹ̀ nínú owó ìmọ́tótó kún àjọ náà. Mo ń bẹ àwọn dókítà ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Abẹ́òkúta, pé kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù fún ológbò ọjà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn máa ṣe é lábẹ́ ojú àwọn ọ̀gá, ní owó tí ọlọ́jà lè san. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, á dára kí wọ́n fi ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n jọ̀wọ́ kéde iye owó náà sínú ìwé ìròyìn yín ṣáájú, kí a lè mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa máa dá.

Emi ni tiyín,
Oníṣòwò èlùbọ́ àti ẹ̀wà kan,
Ìbàdàn.