Àkànní, Nítorí Àdín Àgbọn Tí O Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

Àgbádárìgì,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ, mo sì ka ohun tí o kọ tẹ̀ lé e, pé kí n fi àdín àgbọn ránṣẹ́, nítorí ẹnìkan sọ fún ọ pé bí o bá ń mu ún láràárọ̀, yóò fọ ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, wàá sì lè pa oògùn tì. N kò ní fi í ránṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó àdín yìí ni mo fi rán ọ lọ sílé ìwé.

Òtítọ́ ni pé àgbọn kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù, ìyẹn irú ọ̀rá kan tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tó wà lára wa, ọ̀rá tó máa ń dì ló sì ń mú kí ẹ̀dọ̀ dẹwọ́ nínú kíkó LDL, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù burúkú, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ náà mọ àdín: a rin àgbọn, a fún omi rẹ̀, a sè é títí òróró fi léfòó, bí ọyẹ́ bá sì dé, a dì funfun gbagidi nínú ìgò. Kì í ṣe pé yóò dì bẹ́ẹ̀ nínú iṣan rẹ o. Ẹ̀dọ̀ ló ń dí lọ́wọ́. Ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àdín lọ tó jẹ́ irú ọ̀rá yìí, epo pupa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì.

LDL rẹ jẹ́ 196, nígbà tí a ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 100. Kò ní dùn ọ́ níbì kankan, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, nítorí díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ ara ògiri iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dì níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí ọkàn tàbí ọpọlọ kò ní rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́. Nítorí náà, jọ̀wọ́, máa lo statin, oògùn tó ń dín LDL kù, tí dókítà kọ fún ọ, kódà bí ara rẹ bá le. Bí ẹran ara bá ń ro ọ́, dókítà ni kí o sọ fún kí o tó dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ní ti triglycerides, irú ọ̀rá mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, tó jẹ́ 240, ọtí bíà, mínírà àti òkèlè ńlá alẹ́ ni kí o kọ́kọ́ dínkù. Ẹja ọ̀sà ni n ó fi ránṣẹ́, yíyan ni, kì í ṣe díndín.

Irú LDL tó ga báyìí a máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, bàbá rẹ náà sì ní i. Pe Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ìyá rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò.

Èmi ni ìyá rẹ.