Ìta ni Olúwa Wí

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n,

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo jágbe mọ́ àwọn ọmọ wa kan. Wọ́n ń lé ara wọn kiri lẹ́yìn ilé ìjọsìn, aṣọ funfun ti pọ́n kankan fún erùpẹ̀, bàtà wà káàkiri. Mo ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n wọlé lóòótọ́. Nígbà tí mo padà lọ wò wọ́n, gbogbo wọn ti korí bọ fóònù kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́ bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ka Sekaráyà orí 8. Àwọn tí wòlíì yìí ń bá sọ̀rọ̀ ti ìgbèkùn Bábílónì dé, wọ́n bá Jerúsálẹ́mù ní ahoro, wọ́n sì ń tún tẹ́ńpìlì kọ́ lọ́wọ́. Ọlọ́run fẹ́ kí wọ́n mọ bí ìlú náà yóò ṣe rí nígbà tó bá sàn. Ká ní èmi ni, odi ìlú ni ǹ bá kọ́kọ́ dárúkọ. Olúwa ní ìgboro yóò kún fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ń ṣeré. Kò pe yàrá, ìta ló pè é.

Ẹni tó dá ọmọ ló mọ ohun tí ara ọmọ ń fẹ́. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ ọdún 1 sí 4 yẹ kó lo ìṣẹ́jú 180, ó kéré tán, lójúmọ́ ní sísáré, fífò àti rírìn kiri. Fún ọmọ ọdún 3 àti 4, ìṣẹ́jú 60 nínú rẹ̀ yẹ kó jẹ́ eré tó ń múni mí hẹlẹhẹlẹ. Èwo nínú yàrá wa ló gba irú eré bẹ́ẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ ìta tún wúlò fún ojú: ó ń dín ewu kí ọmọ dàgbà tán kó má lè rí ọ̀ọ́kán kù.

Ẹ máa ní, “Bó bá ṣubú ńkọ́?” Á ṣubú. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Orúnkún tó bó díẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àlàyé wa ò lè kọ́ ọ.

Wọ́n á jà pẹ̀lú. Jésù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Mátíù 11, ó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tó ń ráhùn ní ọjà pé àwọn fun fèrè, ẹgbẹ́ àwọn ò jó. (Ẹni tí kò dúró wo ọmọdé rí kò lè pa òwe yẹn.) Ibi tí wọ́n ti ń jà pé ta ló kàn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń fún ẹlòmíràn láyè.

Mi ò bá òbí tó ń bẹ̀rù ọkọ̀ àti ẹni ibi wí. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 4 nínú Sekaráyà orí 8 yẹn, èyí tí mo ti máa ń fò kọjá tẹ́lẹ̀: àwọn arúgbó lọ́kùnrin lóbìnrin ló kọ́kọ́ jókòó ní ìgboro, tàwọn tọ̀pá lọ́wọ́ wọn, kí àwọn ọmọ tó jáde wá ṣeré. Ojú àgbà wà lára wọn.

Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó to àga sí abẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn lẹ́yìn ìsìn. Ọkọ̀ kankan ò ní gba ibẹ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi ṣeré tán. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà, ẹ̀yin la to àga náà dè. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú aṣọ mìíràn tó lè dọ̀tí dání.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo jágbe mọ́. Ó ní òun á dárí jì mí bí mo bá lè sáré bá òun. Mo ti ń wá bàtà.