Ẹ má dúró de oṣù kẹwàá kí ẹ tó kí olùkọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Ìbàdàn. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá bá ti pé, tí gbogbo ayé ń ṣe Ọjọ́ Olùkọ́, wọn a kó wa jọ sí pápá ìṣeré, a ó wọ aṣọ ẹgbẹ́, a ó yan bí ológun, àwọn èèyàn ńlá a sì sọ̀rọ̀ dídùn nípa wa. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó padà sí kíláàsì, ó tún di àmọ́dún. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín nìyẹn. Iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló yẹ kí kóríyá rẹ̀ máa dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀sẹ̀ wa ṣe ń rí, nítorí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ọ́n. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹni tó bá jẹ́ olùkọ́ ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu géètì kí aago méje ààbọ̀ tó lù. Òun ni yóò dúró de àwọn apẹ́lẹ́yìn, òun ni yóò wo ọmọ tí bàtà rẹ̀ ti já, òun náà ni yóò sì fura sí ọmọ tí kò tíì jẹun. Ní asẹ́ḿbílì, wọn yóò gbàdúrà, wọn yóò kọ orin orílẹ̀-èdè, èyí àtijọ́ tí wọ́n dá padà ní ọdún 2024. Ẹnu bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin yẹn. Ó máa ń ṣe mí bíi pé òun ló ń kọ ọ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá gbé e. Lẹ́yìn asẹ́ḿbílì, kálukú yóò kó nóòtì iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí tábìlì igbákejì ọ̀gá, yóò buwọ́ lùwé, yóò sì gba kíláàsì lọ.

Ọmọ 74 ló wà nínú SS 2 tí mo ń kọ́. Microscope kan ṣoṣo la ní. Mo máa ń to wọn sórí ìlà, kí kálukú lè fi ojú kan wo awọ àlùbọ́sà fẹ́ẹ́rẹ́ tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mìíràn kò ní rí nǹkan kan, ojú yóò ti í, yóò ní òun ti rí i. Mo mọ̀ wọ́n. Mo máa ń pè wọ́n padà. Bí ọ̀kan bá wá kígbe lójijì pé, "Má, mo rí i! Ó dà bíi bíríkì!", àárẹ̀ ọjọ́ yẹn á lọ lára mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú a máa sáré kọjá, kíláàsì lórí kíláàsì, títí dé eré ìdárayá ọ̀sán Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń nira jù. Ìwé tí a kò tíì máàkì ti di òkìtì, ọ̀fun ti gbẹ, owó ọkọ̀ sì ti ń tán lọ. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn kan nínú wa ń wọ ọkọ̀ dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n gbé ọ̀gá obìnrin kan wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Kì í pariwo. Ó ní ìwé kan, irú ìwé tí àwọn ọmọ fi ń kọ nóòtì, tó máa ń mú dání bó bá ń rìn kọjá lẹ́nu kíláàsì. Ìwé yẹn bà wá lẹ́rù. A rò pé orúkọ àwọn tó ń pẹ́ ló ń kọ sí i, tí yóò fi ránṣẹ́ sókè. Ní Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, kí àwọn tó ń kí Jímọ́ọ̀ tó jáde, ó wọ sítáfù-rúùmù, ó ní ká jọ̀ọ́, ká fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ṣí ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé-ìwé ti jáde. Bàbá mathematics ṣì wà nídìí pátákó pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tí simultaneous equation kò tíì yé. Ẹ ṣeun, sà. Ọjọ́rú. Ìyá tó ń tọ́jú ilé ìkàwé fi owó ara wọn ra tépù, wọ́n fi lẹ ìwé mẹ́sàn-án tó ti já. Ẹ ṣeun, mà. Ọjọ́bọ̀. Òjò rọ̀, Bàbá géètì sì fi agboòrùn sin àwọn ọmọ JSS 1 dé títì, ẹẹ́rin ni wọ́n lọ tí wọ́n bọ̀. Ẹ ṣeun, Bàbá."

Ó pa ìwé dé, ó ní ó di Ọjọ́ Ajé, ó jáde. Kò fún ẹnikẹ́ni lówó. Kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sì sí ẹni tó ya fọ́tò.

Ojú bàbá mathematics ni mo ń wò. Wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀, wọn kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a jọ ń lọ síbi tí a ti ń wọkọ̀, wọ́n ní, "Màdáàmù, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀gá kankan kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú ẹgbẹ́ mi rí."

Táàmù kan kò parí tí àwọn tó máa ń buwọ́ lùwé tán tí wọn a gba ẹ̀yìn sá lọ fi jáwọ́. Kò sẹ́ni tó bá wọn wí. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n ka nǹkan nípa tàwọn náà ní Ọjọ́ Ẹtì ni.

Mo mọ òdìkejì rẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ọ̀gá wa bú mi ní asẹ́ḿbílì, níwájú gbogbo ọmọ, nítorí mo fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ́. Ara ọmọ mi gbóná mọ́jú ọjọ́ náà. Wọn kò béèrè. Nígbà tí mo wọ kíláàsì, àwọn ọmọ ìjókòó ẹ̀yìn ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà nínú nóòtì nìkan ni mo fi kọ́ wọn fún bí oṣù kan, n kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lé e. Àwọn ọmọ yẹn kò ṣẹ̀ mí. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ dídùn kì í kún ikùn. Òótọ́ ni. Láti ọdún 1931 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, sílẹ̀, tí Àlùfáà Ransome-Kuti, tó padà di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta, sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, a kò tíì yé jà fún owó oṣù àti ìgbéga, a kò sì gbọdọ̀ yé. Ṣùgbọ́n ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò lè gba "ẹ ṣeun" fún wa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin ọdún 2022 gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ kúrò ní 60 sí 65, ó sì sọ ọdún iṣẹ́ 35 di 40. Ó dára fún ẹni tí inú rẹ̀ ṣì dùn síṣẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì ńkọ́? Kí ni yóò fi ọdún márùn-ún sí i ṣe fún àwọn ọmọ yín?

Bàbá mi wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955. Owó wọn kò tó nǹkan. Àmọ́ bí àwọn ará abúlé bá ń ti oko bọ̀, iṣu tíṣà kì í gbẹ́yìn, bí lẹ́tà bá sì ti ìlú òkè dé, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé e wá fún kíkà. Wọn kì í fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run. Èmi náà kò fẹ́ gbọ́ ọ. Yinni yinni kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn, ayé níbí ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo bẹ̀ yín, bí olùkọ́ bá ṣẹ̀, ẹ pè é sí ọ́fíìsì, ẹ ti ilẹ̀kùn. Bó bá ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ọjọ́ tí ẹnì kan bá na ọmọ yín nìkan la máa ń rí yín. Nígbà tí èsì WAEC bá jáde, tí ọmọ náà gbégbá orókè, a kì í gbúròó yín mọ́. Ìyá alákàrà kan wá bá wa lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n fi olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọmọ òun han òun, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé àkàrà fún gbogbo sítáfù-rúùmù. Olùkọ́ yẹn ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà.

Ọ̀gá oníwèé wa ti fẹ̀yìn tì, àṣà náà sì bá a lọ. Ní táàmù tó kọjá, àwa mẹ́ta kan dáwó, a ra ìwé tiwa. A ń kà á ní Ọjọ́ Ẹtì, bí èèyàn tó jókòó kò tilẹ̀ ju márùn-ún lọ.

Olóòtú, ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò tóbi. Ẹ bá wa ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí òǹkàwé yóò ti fi ìlà mẹ́ta dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ kan. Mo ti fi tèmi há inú àpòòwé yìí. Bàbá mathematics ni mo kọ ọ́ fún. Abúlé wọn ni wọ́n wà báyìí, wọ́n sì máa ń rán ọmọ ọmọ wọn lọ ra ìwé ìròyìn yín bó bá ti jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ bàọ́lọ́jì kan,
Ìbàdàn.