Màámi, ẹ gbọ́ bí Cachoeira ṣe rí

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé ara Bàbá ti le dáadáa?

Ẹ bi mí lórí fóònù pé irú ìlú wo lèmi wà gan-an. Ìlú kékeré ni o, ó wà ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brasil níbí, kò ju nǹkan bíi 110 kìlómítà sí Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Odò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Paraguaçu ló gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, àwọn òkè Chapada Diamantina ló ti ń ṣàn bọ̀. Ibi tí Cachoeira wà ni ọkọ̀ ojú omi lè dé mọ láyé àtijọ́, tó o bá kọjá ibẹ̀ àpáta ló kù, torí náà ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ẹrù, tí ìbaaka á wá gbé e lọ sókè. Ohun tó sọ ọ́ di ìlú olówó nìyẹn, pẹ̀lú ìrèké àti tábà.

Màámi, ọ̀rọ̀ tábà yẹn dùn mí gan-an. Wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á fi oje ìrèké dúdú pa á lára, wọ́n á wá kó o sọ́kọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó, òun ni wọ́n fi ń ra èèyàn, àwọn tí wọ́n bá rà ni wọ́n á tún kó wá síbí wá ṣiṣẹ́ oko. Ohun tí ẹrú gbìn ni wọ́n fi ń ra ẹrú míì! Ọdún 1888 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí oko ẹrú ní Brasil. Ilé tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì níbí gan-an, ilé iṣẹ́ sìgá ni tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ àwọn ìyá kan wà níbí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, Boa Morte lorúkọ ẹgbẹ́ wọn, obìnrin dúdú nìkan, àgbàlagbà ni wọ́n. Bí ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń dá owó, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ṣáájú wọn ṣe ń dá a, wọ́n fi ń ra èèyàn wọn padà lóko ẹrú, wọ́n sì fi ń sìnkú ara wọn. Wọ́n ń ṣe ọdún Màríà ìyá Jésù, wọ́n sì tún ń bọ òrìṣà, wọn ò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Láti ọjọ́ 13 sí 15 oṣù kẹjọ ni ọdún wọn, aṣọ funfun ni wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀, tó bá di ọjọ́ 15 wọ́n á wọ dúdú pẹ̀lú ìborùn pupa, oúnjẹ á pọ̀, ijó sámbà á bẹ̀rẹ̀.

Ìlú náà tún láyà o. Ní June 25, 1822 ni wọ́n ti kéde Dom Pedro, ọmọ ọba Potogí, gẹ́gẹ́ bí olórí Brasil, kí Brasil tó gba òmìnira lọ́wọ́ Potogí ní September, ọkọ̀ ogun Potogí yìnbọn lù wọ́n látorí odò, àwọn ará ìlú sì gba ọkọ̀ náà mọ́ àwọn Potogí lọ́wọ́. Lọ́dọọdún, ìjọba Bahia máa ń kó ìjókòó wọn wá síbí lọ́jọ́ yẹn. Bíríìjì irin wà tó gba orí odò lọ sí ìlú São Félix lódìkejì, 1885 ni wọ́n ṣí i, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn ín, réluwéè náà ń gba orí ẹ̀.

Tóṣù kẹjọ bá dé màá ya fọ́tò àwọn ìyá yẹn, màá fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e dé ìpàdé ẹgbẹ́ yín káwọn ìyá náà rí i. Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ilé.

Èmi ọmọ yín