Ẹ Dá Àkókò Ìbéèrè Padà fún Ará Ìlú

Sí Olóòtú,

Inú bí mi gidigidi nígbà tí mo jáde kúrò ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe ìtàkùrọ̀sọ sáyẹ́ǹsì fún gbogbo ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni inú bí. Wọ́n ti kéde fún wa pé ìjókòó gbẹ̀fẹ́ ni, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbéèrè nípa òògùn antibáyọ́tíìkì àti àwọn kòkòrò àrùn tí òògùn náà kò lè pa mọ́ wá bá onímọ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni àga àwọn ọlọ́lá ní iwájú, ìkíni lórí ìkíni, dídárúkọ àwọn èèyàn pàtàkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ alága, àti ọ̀rọ̀ ẹni tó wá ṣojú fún ẹni tí kò lè wá. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún onímọ̀ tí a torí rẹ̀ wá, ìdajì àkókò ti lọ. Arábìnrin náà sọ̀rọ̀ dáadáa, ó là á yé tọmọdé tàgbà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń parí ni atọ́kùn ètò dìde tó ní àkókò ti tán, pé kò ní sí àyè fún ìbéèrè, àti pé kí a jọ̀wọ́ jókòó ná kí àwọn àlejò pàtàkì kọ́kọ́ jáde.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti na ọwọ́ sókè nígbà náà. Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti kọ ìbéèrè tirẹ̀ sílẹ̀: ó fẹ́ mọ ìdí tí dókítà fi kọ̀ láti kọ antibáyọ́tíìkì fún ọmọ rẹ̀ tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, antibáyọ́tíìkì kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì, bakitéríà ló ń bá jà; bí a bá sì ń lò ó níbi tí kò ti wúlò, àwọn bakitéríà tó lè fara dà á ni yóò ṣẹ́ kù, àwọn náà ni yóò sì máa pọ̀ sí i. Mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnu onímọ̀ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ, kí ó sì lè béèrè ìbéèrè kejì àti ìkẹta tí èmi kò lè dáhùn. Alexander Fleming, ẹni tó ṣàwárí pẹnisilíìnì, ọ̀kan lára àwọn antibáyọ́tíìkì, ní ọdún 1928, ti kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ ní ọdún 1945 pé ewu wà nínú kí èèyàn máa fúnra rẹ̀ lo òògùn yìí ní ìwọ̀n tó kéré jù, nítorí pé kòkòrò tí òògùn náà kò pa lè di èyí tí òògùn náà kò ní lè pa mọ́. Ìwà àwọn tó ń gbé òògùn mì nínú ilé wọn ni ìkìlọ̀ náà dá lé lórí. Àwọn gan-an ni wọ́n kọ̀ láti fún láyè kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní alẹ́ tí wọ́n pè wá láti wá wo ojú ọ̀run, àwọn ọmọdé tò sẹ́yìn awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ kí wọ́n lè rí òṣùpá mẹ́rin tí Galileo, onímọ̀ ojú ọ̀run, rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà ní ọdún 1610. Àwọn aláṣẹ ló kọ́kọ́ wò ó, wọ́n sì ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìkùukùu fi bo ojú ọ̀run tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì lọ sílé láìrí nǹkan kan. Ó jọ pé àwọn tó di ipò mú lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ kò lè fara mọ́ ètò kankan tí wọn kò ní jókòó sí iwájú rẹ̀. Wọ́n ń sọ pé àwọn ló ń sanwó gbọ̀ngàn. Owó ará ìlú ni wọ́n fi ń san án, kò sì sí ohun tó burú bí a bá tẹ orúkọ wọn sórí ìwé ìkéde tí wọ́n sì jókòó sáàárín àwa yòókù láti gbọ́rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn. Ní Royal Institution, ilé ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michael Faraday ti dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1820, àṣà ibẹ̀ ni pé bí aago bá ti lù, olùbánisọ̀rọ̀ yóò wọlé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìsí ẹni tí yóò dìde láti ròyìn rẹ̀, láìsí ìkíni kankan. Faraday mọ ohun tí ìjókòó bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún olùgbọ́. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, iṣẹ́ dídi ìwé ló sì ń kọ́ ní ọdún 1812 nígbà tí oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ onímọ̀ kẹ́mísírì Humphry Davy níbẹ̀. Ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó di í ní ìwé, ó fi ránṣẹ́ sí Davy fúnra rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1813 wọ́n gbà á sí yàrá ìwádìí gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Láti àárín àwọn olùgbọ́ ni ẹni tó fi hàn ní ọdún 1831 pé a lè fi òòfà mú iná mànàmáná jáde ti wá, Davy sì fún un ní èsì nígbà tó kọ̀wé sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò ṣòro, àwọn kan sì ti ń ṣe é tipẹ́. Ní ọdún 1992, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò kan, Marc Sautet, bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ìjíròrò fún gbogbo ènìyàn nínú ilé kọfí kan ní Paris. Duncan Dallas, ẹni tó ti ń ṣe ètò sáyẹ́ǹsì lórí tẹlifíṣọ̀n, mú irú rẹ̀ lọ sí Leeds ní ọdún 1998 fún ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó sì pè é ní Café Scientifique. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é ni pé onímọ̀ kan yóò sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, a ó sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè àti ìjíròrò yóò gba bíi wákàtí kan. Ìṣirò yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn alákòóso wa gbà láìyí i padà. Ìsinmi àárín yẹn ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe rò lọ, torí pé ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn láti kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti bá ẹni tó jókòó tì wọ́n sọ ọ́, tí wọ́n rí i pé òun náà kò mọ̀ ọ́n, ọkàn wọn yóò balẹ̀. Kí wọ́n fún wa ní bébà kékeré fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́, torí pé bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé kì í lè lanu mọ́. Kí atọ́kùn ètò jẹ́ ẹni tó lè fi ọ̀wọ̀ dá ẹni tó ń fi ìbéèrè ṣe ìwàásù dúró. Àìsí irú atọ́kùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn alákòóso máa ń fi ṣàwáwí pé ìbéèrè ń dá rúgúdù sílẹ̀. Kí wọ́n sì jẹ́ kí onímọ̀ sọ ní gbangba pé òun kò mọ̀ nígbà tí kò bá mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ará ìlú ti máa ń rí ibi tí ìwádìí dé dúró àti iṣẹ́ tó kù láti ṣe.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Kí wọ́n máa ṣe é lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́. Kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé láìsí pé wọ́n ń gbé e. Kí wọ́n má sì máa dúró de gbọ̀ngàn ńlá: àwọn tó dá ètò ìtàkùrọ̀sọ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Pint of Science sílẹ̀ ní ọdún 2013 ti kọ́kọ́ pe àwọn aláìsàn wá sí yàrá ìwádìí, kí wọ́n tó pinnu pé àwọn onímọ̀ náà lè jáde lọ bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti máa ń jókòó ṣe fàájì, ètò náà sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Wọ́n ti tẹ ìwé ìkéde ìtàkùrọ̀sọ tó kàn, èyí tó dá lórí omi mímu. Orúkọ àwọn àlejò pàtàkì kún orí rẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ àkókò ìbéèrè sí. Mo ń fi ìwé yìí bẹ àwọn tó ṣe é pé kí wọ́n tún un tẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí i kedere pé ìṣẹ́jú 60 jẹ́ ti àwọn olùgbọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín